Bí A Ṣe Ń Wo Inú Bátìrì

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni iṣẹ́ àwọn tó ń fi ìtànṣán wá ibi tí átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan fìdí kalẹ̀ sí nínú ohun tí a fi ń ṣe bátìrì. Àwọn àgbà ló sì la ọ̀nà rẹ̀ kí èmi tó tọ̀ ọ́, nítorí ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè.

Ní ọdún 1912, ní Munich nílẹ̀ Jámánì, ni Max von Laue, pẹ̀lú Friedrich àti Knipping tí wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣe é, fi hàn pé bí X-ray bá la inú kírísítàlì kọjá, yóò fọ́n ká, yóò sì fi àmì tó tò lẹ́sẹẹsẹ sílẹ̀. Kò pẹ́ tí William Bragg àti Lawrence ọmọ rẹ̀ fi ṣírò àlàfo tó wà láàrin ìpele átọ́ọ̀mù kan sí èkejì láti ara àmì bẹ́ẹ̀, tí bàbá àti ọmọ sì jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1915.

Ṣùgbọ́n ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀nù ni X-ray ń rí, bẹ́ẹ̀ lítíọ́mù, abẹ́rẹ́ tó kéré tí kì í ṣe mímì adìẹ, òun tí iṣẹ́ bátìrì rọ̀ mọ́, mẹ́ta péré ló ní, nígbà tí kóbáltì tó múlé tì í ní 27. Niútírọ́ọ̀nù ló tú àṣírí rẹ̀, nítorí kókó inú átọ́ọ̀mù gan-an ni òun ń bá pàdé. Ó ń rí lítíọ́mù, ó sì ń dá máńgáníìsì mọ̀ yàtọ̀ sí níkẹ́lì, àwọn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra lójú X-ray. Ernest Wollan àti Clifford Shull ló fi ẹsẹ̀ iṣẹ́ yìí múlẹ̀ ní Oak Ridge, Amẹ́ríkà, lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì. Wollan ti jáde láyé kí ẹ̀bùn Nobel tó kan Shull ní 1994.

Níwọ̀n bí ìyẹ̀fun ti pọ̀ jù nínú ohun tí à ń yẹ̀ wò, tí àmì ìyẹ̀fun sì máa ń gun ara wọn lórí, ọpẹ́ ni fún Hugo Rietveld, ọmọ ilẹ̀ Nẹ́dálándì, tó tẹ ìṣirò tí a fi ń yọ wọ́n lára ara wọn jáde ní 1969. Nígbà tí John Goodenough, Mizushima àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé àdàlù lítíọ́mù, kóbáltì àti ọ́síjìn jáde ní Oxford ní 1980, èyí tí Sony fi ṣe bátìrì tó gbé wá sọ́jà ní 1991, ohun èlò iṣẹ́ wa ti wà nílẹ̀.

Agolo fànádíọ́mù ni mo máa ń da ìyẹ̀fun náà sí, nítorí irin yìí kì í fi àmì tirẹ̀ da ti ìyẹ̀fun rú lójú niútírọ́ọ̀nù. Bí a bá sì ń fi iná sínú bátìrì, tí lítíọ́mù ń wọ àárín ìpele gíráfáìtì tó wà nínú rẹ̀, gíráfáìtì tó dúdú yóò di aláwọ̀ aró, yóò di pupa, bó bá sì yó tán, yóò máa dán bíi wúrà. Ìtànṣán wa yóò sì fi hàn pé àlàfo ìpele rẹ̀ ti fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá fẹ̀ sí i. Fífẹ̀ àti sísúnkì bẹ́ẹ̀, lójoojúmọ́ tí a ń lò ó, wà lára ohun tó ń sọ bátìrì di arúgbó.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: X-ray yára, ìyẹ̀fun díẹ̀ sì tó o, niútírọ́ọ̀nù lọ́ra, ó sì ń fẹ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n òun ló mọ ojú lítíọ́mù. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí, ẹ kọ́ méjèèjì, ẹ má sì fi ọ̀kan tẹ́ńbẹ́lú èkejì.