Ọjọ́ Ọjà Ńkọ́?

Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí mi ti wá, ṣùgbọ́n Sabon Gari ní Kánò ni wọ́n bí mi sí. Inú ilé nìkan ni mo ti gbọ́ Yorùbá; bí mo bá ṣì í kọ, ẹ fi orí jì mí.

Nígbà tí mo lọ sílé, bàbá mi, tí wọ́n ti ń wa bọ́ọ̀sì kí n tó gbọ́njú, bi mí pé kí ni iṣẹ́ àṣekágbá mi dá lé lórí. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ wà lẹ́nu mi, Yorùbá rẹ̀ ni mo ń wá.

Mo fa ilà mẹ́jọ ní ìbú, mẹ́jọ ní òòró, sórí tákàdá. Mo ní, "Bàbá, ọpọlọ tí ń ṣírò nínú chip kọ̀ǹpútà kan lè tó 64. Nígbà tí wọn kò ju méjì mẹ́ta lọ, okùn kan ni wọ́n jọ ń lò. Bí ọ̀kan bá ń sọ̀rọ̀, ìyókù á dúró. Nísinsìnyí, títì ni a là sáàárín wọn, ọ̀rọ̀ á máa gba oríta dé oríta bí ẹrù." (Ní 2001 ni William Dally àti Brian Towles kọ̀wé pé kí a ṣe é báyìí, ní 2007, chip ọlọ́pọlọ 64 ti ilé iṣẹ́ Tilera jáde.)

"Báwo lo ṣe mọ̀ pé títì tìrẹ dára?"

Mo ní mo dán an wò lórí kọ̀ǹpútà, mo ka àkókò tí ẹrù kọ̀ọ̀kan fi dé ibi tí ó ń lọ. Ó yá púpọ̀.

"Ṣé ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń lọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ọjọ́ ọjà ńkọ́, Àjàní? Ọjọ́ tí gbogbo ayé bá kọjú sí Sabon Gari?"

N kò tíì dán ìyẹn wò. Bẹ́ẹ̀ ni mo ti kọ ọ́ sínú orí kẹrin pé títì mi kì í dí!

Mo padà síléèwé, mo ní kí ọpọlọ 63 máa ránṣẹ́ sí ẹyọ kan ní igun, bí ìgbà tí gbogbo wọn ń wá ohun kan náà níbi ìpamọ́. Ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ kì í gbà ju ẹrù kan lọ bí aago chip bá lù lẹ́ẹ̀kan. Nítorí náà, bí olúkúlùkù bá rán ju ẹyọ kan lọ láàárín lílù 63, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ dé nìyẹn. Ìlà tí mo yà fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́ pẹrẹsẹ, àfi gìrì tí ó gòkè bí ẹni ń gun igi àgbọn. Èyí tí ó dùn mí jù ni pé àwọn ẹrù tí kò tilẹ̀ lọ sí igun náà há sẹ́yìn àwọn tí ń lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni ó kù. Mo fa orí kẹrin ya, mo sì pe bàbá mi lórí fóònù.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ẹ jẹ́ kí àwọn tí kò lọ sọ́jà rí ibi kọjá."

Ẹ gbọ́ o, ohun tí Dally kọ ní 1992 kò jìnnà sí èyí: kí ìlà tí ẹrù ń tò sí ní oríta ju ẹyọ kan lọ, bí okùn tilẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan. Mo ti fi í sí i. Àwọn tí kò lọ sọ́jà ti ń kọjá. Àwọn ọlọ́jà ṣì wà lórí ìlà.