ÌYÁ ALÁTA WỌ ILÉ ỌTÍ

Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fíríìdọ̀ọ̀mù iṣẹ́ télọ̀ ló ní dandan, òun máa gbé ìyá òun jáde lọ sílé ọtí kan ní Alápẹ̀rẹ̀. Ìyá ń ta ata ní Mile 12. Láyé ìgbà tiẹ̀, obìnrin tó bá jókòó sílé ọtí, aṣẹ́wó ni wọ́n ń pè é. Ó fa gèlè bojú kó tó wọlé.

Àmọ́ inú ilé tutù, àga rọ̀, kò sí ariwo. Wọ́n gbé Chapman wá: Fanta àti Sprite tí wọ́n pò pọ̀, tí wọ́n kán bítà díẹ̀ sí, tí wọ́n gé kùkúńbà lé. Àwọn ọkùnrin ń mu Star wọn, ọtí tí wọ́n ti ń pọn l'Ékòó láti 1949. Kò sẹ́ni tó wo Ìyá níwòkuwò.

Ni pẹpẹsúùpù ẹja àrọ̀ bá dé. Ìyá bù ú lá, ó ní: "Ata mi rèé!"

Àfi bí onílé ọtí ṣe yọ láti kíṣìnnì. Kọ́sítọ́mà Ìyá ni! Èyí tó kó ata láwìn lóṣù tó kọjá, tó ní ọjà ò tà. Ẹ sì wá wo èrò tó kún ibẹ̀!

Ìyá ò pariwo. Ọjọ́ ọmọ ẹ̀ ni. Ó mu omi ọbẹ̀ tán, ó nu ẹnu, ó ní: "Oníbàárà mi, ọbẹ̀ ẹ dùn o. Ṣé ká yọ owó ẹ̀ nínú owó ata ni, àbí kó o san tèmi, kọ́mọ mi náà san tìẹ?"

Kó tó dìde, owó ata ti pé lọ́wọ́ ẹ̀. Ọmọ san owó oúnjẹ, kò dín kọ́bọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń tajà àwìn, ẹ máa jáde lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ibi fàájì lowó yín lè wà.