Bàbá Ìbejì, Èmi Ni Mo Ń Di Pátákó Yẹn Mú

Baltimore, ìpínlẹ̀ Maryland,
Amẹ́ríkà.

Bàbá Ìbejì, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Àlájà ńkọ́? Orúnkún tó ń dùn wọ́n, ṣé ó ti rọlẹ̀? Bá mi kí Táíwò àti Kẹ́hìndé, kí o sì sọ fún ìyá wọn pé èlùbọ́ tó fi ránṣẹ́ ti dé. Àwọn aṣọ́bodè tú u wò títí, wọn ò mọ ohun tó jẹ́.

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ọ. O ní lọ́jọ́ Mọ́ńdè, bí ẹ ṣe kúrò ní Lálúpọn tí ẹ ń bọ̀ n'Ìwó, ẹ bá àwọn tó ń dí kòtò lójú títì. Ọkọ̀ ti tò lọ rẹrẹ, ẹnì kan di àsíá pupa mú, ó ní kí ẹ dúró. Ìwọ gba wọ́n-wéè, o sì já gbogbo wọn sílẹ̀. Ẹ̀rín lo fi sọ ọ́. Mo gbọ́ tí ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ náà ń rẹ́rìn-ín.

Èmi ò rẹ́rìn-ín o. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, má kà á sétí Àlájà. Gbogbo yín rò pé ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ṣì wà. Ó ti pé ọdún méjì tí mo ti kúrò níbẹ̀. Ojú títì ni mo ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mo ń di pátákó mú níbi tí wọ́n bá ti ń tún ọ̀nà ṣe: ojú kan rẹ̀ pupa, wọ́n kọ "dúró" sí i, ojú kejì ní àwọ̀ ọsàn, wọ́n kọ "rọra" sí i. Bí mo bá yí i, ogún ọkọ̀ á dúró. Bí mo bá tún un yí, wọ́n á máa lọ. Ẹnìkejì mi wà ní ìpẹ̀kun lọ́hùn-ún, rédíò la fi ń bára wa sọ̀rọ̀. Ẹni tó di àsíá mú tí o já sílẹ̀ yẹn, iṣẹ́ tí mò ń ṣe náà ló ń ṣe. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wa ò ju pé èmi wọ jákẹ́ẹ̀tì tó ń kọ mànà bí iná bá tàn sí i, mo sì wọ bàtà tí irin wà níwájú rẹ̀. Òun, gẹ́gẹ́ bí ẹnu rẹ ṣe sọ ọ́, sálúbàtà ló wọ̀.

Ohun tí awakọ̀ kì í rí ni mo fẹ́ kí o mọ̀. Rọ́bà lásán ni kóònù, mọ́tò á tẹ̀ ẹ́ kọjá bí ẹni tẹ ewé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé ọkọ̀ akẹ́rù kan sẹ́yìn wa, tí wọ́n so nǹkan bíi tìmùtìmù ńlá mọ́ ìdí rẹ̀. Iṣẹ́ ọkọ̀ náà kò ju pé kí wọ́n kọ lù ú dípò wa. Lọ́dún tó kọjá, ọkùnrin kan tó ń tẹ fóònù lọ já wọ̀ ọ́. Bí ìgbà tí ààrá sán ni. Ó sọ̀kalẹ̀ láàyè, fóònù rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ béèrè.

Ti àwọn mìíràn kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta ọdún 2023, lójú ọ̀nà I-695 tó yí Baltimore ká, ní Woodlawn, mọ́tò méjì ń sá eré tó lé ní 100 máìlì ní wákàtí kan níbi tí òfin ti ní 55. Ọ̀kan fẹ́ yà, ó gbá èkejì, ó sì gba àlàfo tó wà láàárín ògiri kọnkéré wọ ibi iṣẹ́. Òṣìṣẹ́ mẹ́fà ló kú. Ọdún kan lẹ́yìn ìyẹn, ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹta ọdún 2024, mẹ́fà mìíràn tún kú nígbà tí ọkọ̀ ojú omi Dali wó afárá Francis Scott Key ní Baltimore níbí lóru. Kòtò ni àwọn náà wá dí. Ọlọ́pàá rí àyè dá mọ́tò dúró kí afárá tó wó, wọn ò rí àyè dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣiṣẹ́. Kì í ṣe ẹ̀bi awakọ̀ kankan, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi.

Ti I-695 yẹn ló mú kí Maryland tún òfin ṣe. Owó tí kámẹ́rà ibi iṣẹ́ títì ń bù fún asáré kúrò ní dọ́là 40, ó di 290 ní oṣù Kẹfà ọdún 2024. O lè ní Amẹ́ríkà nìyẹn. Ó wà nílé náà. Nínú ìwé ìtanràn àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó tí mo mọ̀, ẹni tó bá sáré níbi tí wọ́n ti ń ṣe títì yóò san ₦3,000; agbaṣẹ́ṣe tí kò gbé àmì tó tó síta yóò san ₦50,000. Ẹni tó gba iṣẹ́ ọ̀kẹ́ àìmọye, kí ni ₦50,000 máa ṣe fún un? Bàbá wa máa ń sọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Majamaja, tí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dá sílẹ̀ lọ́dún 1977 nígbà tí Ìwó ṣì wà lábẹ́ wọn. Wọ́n ní ẹ̀rù wọn máa ń ba awakọ̀ ju ọlọ́pàá lọ.

O ní èrò ló ń pariwo pé kí o lọ. Mo mọ̀ wọ́n, èmi náà ti jẹ́ èrò rí. Ìgbà tí mo wálé tí wọ́n ṣì ń tún ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn ṣe, iṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2013 tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má tán mọ́, a dé ibì kan tí wọ́n ti ti apá kan pa, tí alálọ àti alábọ̀ ń pín apá kejì. A pariwo mọ́ dírẹ́bà wa títí ó fi yà kúrò nínú ìlà. Kò pẹ́ ni tírélà yọ níwájú. Kọnkéré lọ́tùn-ún, ọkọ̀ lósì. Ẹ̀yìn ni bàbá náà ń fi rìn títí, àwọn tí a já sílẹ̀ ni wọ́n sì sún fún un kó tó rí ibi ki imú ọkọ̀ bọ̀. Obìnrin tó jókòó tì mí ti tọ̀ sára. Ariwo ti tán lẹ́nu gbogbo wa.

Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé àwa òṣìṣẹ́ ló ń kú jù. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ wa kí wọ́n tó gbé pátákó lé wa lọ́wọ́ ló là mí lójú: awakọ̀ àti èrò ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń kú níbi iṣẹ́ títì l'Amẹ́ríkà. Ìdí ìlà ọkọ̀ ni kí o bẹ̀rù. Bí o bá rí i pé ọkọ̀ ti tò níwájú, tètè dín eré kù, tan tiráfíkétọ̀ ọ̀tún àti òsì pọ̀, fi àyè tí o lè yà sí sílẹ̀ níwájú, kí o sì máa wo gíláàsì títí ẹlòmíràn yóò fi dúró lẹ́yìn rẹ. Níbi tí wọ́n bá ti họ ọ̀dà àtijọ́ kúrò, bèbè títì máa ń ga. Bí táyà kan bá já sísàlẹ̀, má fa sitiárìn lójijì, bọ́ọ̀sì á dojú dé. Jẹ́ kí eré kú ná, kí o tó rọra gùn ún padà. Lálẹ́, àwọn agbaṣẹ́ṣe mìíràn á fi òkìtì yẹ̀pẹ̀ sílẹ̀ láìsí iná, wọ́n á lọ sùn. Nítorí náà, bí o bá rí ewé tútù lójú títì, gbà á bí àsíá ni. Àwọn ọmọ tó ń fi ṣọ́bìrì da yẹ̀pẹ̀ sí kòtò tí wọ́n ń tọrọ owó ńkọ́? Bí o kò bá fẹ́ fún wọn, má fún wọn, ṣùgbọ́n má fi ọkọ̀ lé wọn bí ẹni lé adìẹ.

Jákẹ́ẹ̀tì méjì àti sí-kọ́ṣọ̀n tuntun wà nínú ẹrù tí mo fi ránṣẹ́. Jákẹ́ẹ̀tì kan wà fún ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ, kó máa wọ̀ ọ́ bí mọ́tò bá bàjẹ́ lálẹ́. Ìkejì, bí o bá tún kọjá ní Lálúpọn tí o sì bá onísálúbàtà yẹn níbẹ̀, dúró, kí o fún un.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ.