Dókítà Tó Ń Kọ Ewì

Àwa mẹ́ta la jọ ń gbé yàrá kan ní Ijoku, ní Ṣágámù. Ìmọ̀ ìṣègùn là ń kọ́. Ọ̀kan nínú wa ní ìwé kan tó máa ń fi pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ewì Yorùbá ló kún inú rẹ̀. Nígbà tí èsì ìdánwò jáde, tí iṣẹ́ kan sì gbé e ṣubú, bàbá rẹ̀ pè é lórí fóònù. Gbogbo wa la gbọ́ ohun tí wọ́n sọ: "Ṣé ewì lo máa fi ṣe iṣẹ́ abẹ fún èèyàn ni? Dáná sun ìwé yẹn!"

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó mú ìṣáná dání, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Àwa méjì yòókù ò mọ ohun tí a máa sọ. Ká má parọ́, àwa náà ti ń sọ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀ pé ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo. A kàn bẹ̀ ẹ́ pé kó di ọjọ́ kejì.

Ẹ̀gbọ́n kan nínú ilé wa, tó ti fẹ́ẹ̀ parí ẹ̀kọ́, ló bi wá láàárọ̀ pé, "Ṣé ẹ ò gbọ́ nípa Látúndé Ọdẹ́kù rí ni?" A ò gbọ́ rí. A wá lọ wádìí.

Ọmọ Awẹ́ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọdẹ́kù, ọdún 1927 ni wọ́n bí i. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ. Amẹ́ríkà ló ti kọ́ṣẹ́. Nígbà tó padà wálé lọ́dún 1962, Ìbàdàn ló ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, tó sì ń ṣiṣẹ́ abẹ ní UCH. Akéwì tún ni. Ó gbé ìwé ewì jáde lédè Gẹ̀ẹ́sì kó tó kú lọ́dún 1974. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ilé ìkàwé ìṣègùn ní Yunifásítì Ìbàdàn.

Kì í sì í ṣe òun nìkan. Dókítà Adéoyè Lambo, tó tọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ ní Arò, l'Abẹ́òkúta, jókòó ti àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ láti kọ́ ọgbọ́n lọ́wọ́ wọn. Akínwùmí Ìṣọ̀lá ńkọ́? Èdè Faransé ló fi gboyè àkọ́kọ́, òun náà ló wá kọ Ẹfúnṣetán Aníwúrà àti Ó Le Kú.

Kí ló dé tí a ò fi mọ èyí? Ẹ wo Yunifásítì Olabisi Onabanjo, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1982: Àgọ́-Ìwòyè ni ojúkò rẹ̀, ìṣègùn wà ní Ṣágámù, iṣẹ́ ẹ̀rọ wà ní Ìbógun, iṣẹ́ àgbẹ̀ wà ní Ayétòrò. Ọmọ ìṣègùn lè pẹ́ ní Ṣágámù láìfojú kan olùkọ́ lítíréṣọ̀ kankan. Bó bá yá, á máa rò pé ayé dókítà ò ju egungun àti oògùn lọ.

A bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn olùkọ́ wa léèrè ohun tí wọ́n ń ṣe tí wọ́n bá bọ́ aṣọ funfun. Ẹnì kan ní fèrè lòun ń fọn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Òmíràn ní oríkì àwọn ìlú Rẹ́mọ lòun ń gbà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà. A ò mọ̀ rí, torí a ò bi wọ́n rí.

Ọ̀rẹ́ wa ò sun ìwé náà mọ́. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé Ọdẹ́kù ò fi ewì dípò iṣẹ́ abẹ. Ó ti kó ìwé ewì náà fún wa pa mọ́ títí yóò fi tún ìdánwò náà ṣe. Bàbá ò tíì gbà. Wọ́n ní èsì làwọn máa kọ́kọ́ rí.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ bi olùkọ́ yín léèrè kí ẹ tó mú ìṣáná.