Ọdún Tí Ó Tẹ̀ Lé Ife Ẹ̀yẹ

Àwọn àgbà ilẹ̀ wa ni wọ́n sọ pé bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ó lé ní ogún ọdún tí mo fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní òwe yìí, mo sì ti fi í sínú ìbéèrè ìdánwò lọ́pọ̀ ìgbà, kí n tó mọ̀ pé ìtumọ̀ tí mo ń fún un kò jìn tó. Ẹgbẹ́ òṣèré kan ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn tí ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù dípò ẹsẹ̀, ni ó là mí lójú sí i. Ẹgbẹ́ náà ṣubú ní ọdún 1998. Èmi náà ṣubú ní ọdún kan náà. Ohun tí mo rí nígbà tí mo wo ẹ̀yìn ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi sọ, kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ìdánwò ń dúró dè sì bá wa gbọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ní ọdún 1997, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama tí mo ti ń kọ́ni ní èdè Yorùbá ṣe dáadáa nínú ìdánwò oníwèé mẹ́wàá ju bí ẹnikẹ́ni ti rò lọ. Àwa olùkọ́ mẹ́rin ni a jọ ṣe iṣẹ́ náà. Ọ̀kan mọ gírámà bí ẹni mọ ọ̀nà oko baba rẹ̀. Èkejì mọ àṣà àti oríkì. Ẹ̀kẹta kì í jẹ́ kí àròkọ kan kọjá láìfi ọwọ́ bà á. Èmi ni mo ń kọ́ wọn ní ewì àti ìtàn àròsọ. Àwọn òbí ra ẹran, a jẹ, a mu, a jó. Kí ìlù ọjọ́ náà tó kúrò ní etí wa, ìwé dé láti ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ pé kí àwọn mẹ́ta yòókù kó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí pé iṣẹ́ wọn dára. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ṣoṣo, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni, ni wọ́n fi rọ́pò àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Inú bí mi. Ohun tí ìbínú náà mú mi ṣe, n óò sọ ọ́ bí ó bá yá.

Ní oṣù keje ọdún 1998, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Miami, ní ìpínlẹ̀ Florida, ránṣẹ́ pè mí kí n wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ òun. Bàbá arúgbó kan tí ó ti Kúbà wá ni ó ń gbé ilé kejì. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi sọ fún un pé Yorùbá láti Nàìjíríà ni mí, bàbá náà dìde, ó fi ọwọ́ kan ìlẹ̀kẹ̀ Ifá aláwọ̀ ewé àti ìyeyè tí ó wà ní ọrùn ọwọ́ òsì rẹ̀, ó ní, “Aché.” Àṣẹ ni ó ń wí. Ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn wa tí a kó lẹ́rú gbé kọjá òkun ṣì wà lẹ́nu àwọn ọmọ wọn. Láti ọjọ́ náà ni ó ti sọ mí di àbúrò, tí èmi náà sì ń pè é ní Bàbá. Gẹ̀ẹ́sì àmúlùmálà ni a fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, Bàbá a jókòó ti rédíò rẹ̀, ìwé àkọsílẹ̀ lórí itan, pẹ́ńsù lọ́wọ́. Eré bésíbọ́ọ̀lù ni ó ń gbọ́, ẹgbẹ́ Florida Marlins sì ni tirẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ eré náà lè rò pé oyin ni wọ́n ń sá fún. Ènìyàn mẹ́sàn-án ni ó wà ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan yóò ju bọ́ọ̀lù kékeré líle kan. Alátakò rẹ̀ yóò fi kóńdó gbá a, yóò sì sáré yí ibùsọ̀ mẹ́rin ká títí yóò fi padà sí ibi tí ó ti gbéra. Bí ó bá padà délé, ẹgbẹ́ rẹ̀ gba àmì kan. Ìpele mẹ́sàn-án ni eré kan, eré 162 sì ni ẹgbẹ́ kan ń ṣe kí sáà tó parí. Bàbá sọ ohun kan tí ó yà mí lẹ́nu: ẹni tí ó bá fi kóńdó rí bọ́ọ̀lù gbá dáadáa ní ìgbà mẹ́ta nínú mẹ́wàá, ògbóǹtarìgì ni. Mo rẹ́rìn-ín. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tí ó gba mẹ́ta nínú mẹ́wàá ti fìdí rẹmi.

Ó wá pìtàn fún mi. Ọdún 1993 ni Marlins kọ́kọ́ wọ inú ìdíje ńlá Amẹ́ríkà. Ní ọdún karùn-ún péré, ní 1997, wọ́n borí nínú eré 92, wọ́n sì dé àṣekágbá tí wọ́n ń pè ní World Series, níbi tí wọ́n ti bá ẹgbẹ́ Cleveland wọ̀yá ìjà. Eré méje ni ó gbà kí a tó mọ ọ̀gá. Ní alẹ́ ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá, èrò tí ó ju 67,000 lọ wà ní pápá. Ìpele kẹsàn-án ni Marlins ṣẹ̀ṣẹ̀ bá wọn dọ́gba. Ní ìpele kọkànlá, Edgar Rentería, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Kòlóńbíà, gbá bọ́ọ̀lù kan sí àárín pápá, Craig Counsell sì sáré wọlé. Ó di 3 sí 2. Liván Hernández, ọmọ Kúbà tí ó sá kúrò lábẹ́ ìjọba ilẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1995, ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn ẹni tí ó ta yọ jù lọ. Wọ́n ti gba ìyá rẹ̀ láàyè láti wá wo eré ìkẹyìn náà. Bàbá ní òun sunkún lóru ọjọ́ náà. Kì í ṣe nítorí ife, nítorí ìyá àti ọmọ tí ó tún fojú kan ara wọn ni.

Oṣù kan kò pé tí títà fi bẹ̀rẹ̀. Wayne Huizenga, ẹni tí ó fi ọkọ̀ akólẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ọrọ̀ rẹ̀, ni ó ni ẹgbẹ́ náà. Ó ní owó ń bọ́ lọ́wọ́ òun. Ó ń fẹ́ pápá tuntun, ìjọba kò sì bá a kọ́ ọ. Ó pinnu pé òun yóò ta ẹgbẹ́ náà, ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí ẹrù rẹ̀ kọ́kọ́ fúyẹ́. Kí ọdún 1997 tó parí, Moisés Alou ti lọ sí Houston, Robb Nen ti lọ sí San Francisco, Kevin Brown ti lọ sí San Diego. Ní oṣù kejì ọdún 1998, Al Leiter lọ sí New York. Ní oṣù karùn-ún, Gary Sheffield, Bobby Bonilla, Charles Johnson àti àwọn mìíràn di ará Los Angeles. Mike Piazza, àgbà òṣèré tí wọ́n gbà ní pàṣípààrọ̀, kò lò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi tún gbé e fún New York.

Marlins borí ní ọjọ́ kìíní sáà 1998. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pàdánù eré mọ́kànlá léraléra. Nígbà tí sáà parí, wọ́n ti borí nínú eré 54, wọ́n sì ti pàdánù 108. Kò tí ì sí ẹgbẹ́ mìíràn tí ó gba ife yìí tí ojú rẹ̀ rí irú màbo bẹ́ẹ̀ ní ọdún kejì.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní oṣù kẹjọ, Bàbá mú mi lọ sí pápá. Òjò ti rọ̀ lọ́sàn-án, ooru sì ń rú sókè láti ilẹ̀. Àga òfo pọ̀ ju èèyàn lọ. Ní ibùsọ̀ kìíní, ọ̀dọ́mọkùnrin gíga kan dúró tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Derrek Lee. Òun wà lára àwọn tí San Diego fi gba Kevin Brown. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni, kóńdó rẹ̀ kì í sì í rí bọ́ọ̀lù tó bí wọ́n ti fẹ́; ní gbogbo ọdún náà, díẹ̀ ni ó fi ju ìgbà méjì lọ nínú mẹ́wàá. Ọkùnrin kan lẹ́yìn wa ń kígbe mọ́ ọn pé Brown dà. Èmi náà mi orí, mo ní, “Bàbá, kí ni ẹ ń kọ sílẹ̀ gan-an? Ẹ kò rí i pé kò sí ohun tí ó kù níbí?”

Ó fi ìwé náà hàn mí. Gbogbo ohun tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ṣe ni ó wà níbẹ̀: èyí tí ó kùnà, èyí tí ó sáré dé ibùsọ̀ kejì, èyí tí ó fi ara gbolẹ̀ mú bọ́ọ̀lù tí ẹlòmíràn ì bá jẹ́ kí ó lọ. Ó ní, “Àbúrò, èmi náà ń bínú sí ọlọ́rọ̀ tí ó tà wọ́n. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí kò ta ẹnikẹ́ni. Wọ́n kàn gbé e wá síbí ni. Bí èmi kò bá kọ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ta ni yóò mọ̀ pé ó ṣiṣẹ́?” N kò dá a lóhùn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìyàwó mi fóònù láti ilé. “Bàbá Bọ́lá, èsì ìdánwò ti jáde.” Ìka ọwọ́ kan tó láti ka àwọn tí ó yege nínú èdè Yorùbá. Mo ní, “Mo ti sọ bẹ́ẹ̀. Ṣé wọ́n ti rí i báyìí?” Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ń wò mí. Ó ní, “Àkànní, o dà bí ẹni tí inú rẹ̀ dùn.”

Ọ̀rọ̀ náà gún mi ní ẹ̀gbẹ́, nítorí pé òótọ́ ni. Ní ọjọ́ kìíní sáà ẹ̀kọ́ náà, mo ti dúró níwájú àwọn ọmọ, mo ní kí wọ́n má tan ara wọn, wọn kò lè dà bí àwọn ti èṣí. Mo pa ẹ̀kọ́ àṣekún ìrọ̀lẹ́ tì. Àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ ọdún tí ó kọjá ni mo ṣí jáde, mo kàn yí ọjọ́ orí rẹ̀ padà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọ̀dọ́mọkùnrin olùkọ́ náà tọ̀ mí wá pé, “Ẹ jọ̀ọ́, sà, báwo ni ẹ ṣe ń kọ́ wọn ní ewì?” Mo ní kí ó lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó gbé e wá. A kì í bínú orí kí a fi fìlà dé ìbàdí, ṣùgbọ́n ohun tí mo ṣe nìyẹn. Mo rò pé àwọn aláṣẹ ni mo ń bá jà. Orí àwọn ọmọ ni ọ̀pá mi ń bà. Èyí tí ó burú jù ni pé mo ń retí kí wọ́n kùnà, kí ìkùnà wọn lè jẹ́ ẹ̀rí fún mi.

Nígbà tí mo padà délé, mo ké sí ọ̀dọ́mọkùnrin náà, mo tọrọ àforíjì, a sì jọ jókòó ti iṣẹ́. Mo ra ìwé àkọsílẹ̀ kan. Yàtọ̀ sí máàkì, mo ń kọ ohun kan tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ṣe dáadáa lọ́sẹ̀ sínú rẹ̀. Èsì ọdún tí ó tẹ̀ lé e sàn díẹ̀. Kò dé ibi tí ti 1997 dé.

Ní ti Marlins, Huizenga ta ẹgbẹ́ náà tán ní ọdún 1999. Ní ọdún 2003, wọ́n tún gba ife, wọ́n ṣẹ́gun New York Yankees ní eré mẹ́rin sí méjì. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, Jack McKeon, jẹ́ ẹni ọdún 72. Ẹni tí ó dúró ní ibùsọ̀ kìíní ni Derrek Lee. Iná kú, ó fi eérú bojú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kú, ó fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gé ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ nítorí pé ìyá rẹ̀ kú, kí ni yóò fi rọ́pò? Kò pẹ́ lẹ́yìn ife kejì yìí tí wọ́n tún fi Lee ránṣẹ́ sí Chicago. Àwọn tí ń tà kò jáwọ́. Àwọn aláṣẹ tiwa náà kò ṣíwọ́ àtimáa ṣí olùkọ́ nípò. Ìyẹn kò sí ní ìkáwọ́ wa. Àwọn ọmọ tí ó jókòó síwájú wa ni ó wà ní ìkáwọ́ wa.

Ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, mo pàdé ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ 1998 ní ọjà, níbi tí ó ti ń ta aṣọ. Ó kúnlẹ̀ kí mi. Ó ní òun tún ìdánwò náà ṣe, òun sì yege. Mo ní kí ó má bínú sí mi nítorí ọdún náà. Ó wo ilẹ̀, ó ní, “Sà, ẹ̀ẹ̀kan péré ni ẹ fi ohùn ka ewì fún wa. Mo ṣì mọ̀ ọ́n lórí.”

Tẹ́lẹ̀ rí, bí mo bá ń túmọ̀ òwe ọjọ́sí fún akẹ́kọ̀ọ́, mo máa ń sọ pé ohun tí ó gbé àgbà ṣubú ni ó ń bojú wẹ̀yìn wò. N kò túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́. Àgbà kì í dá rìn. Bí ó bá ṣubú, ẹ jẹ́ kí ó yára wo ẹ̀yìn, kí ó mọ̀ bóyá ọmọ kan wà tí òun ṣubú lù.