Àwọn Òkè Atakpamé Ti Ga Ju Báyìí Lọ Rí

Ẹni tó bá gba ìlà-oòrùn Ghana wọ Tógò, tó sì tibẹ̀ kọjá sí àríwá orílẹ̀-èdè Benin, òkè kan náà ni yóò máa bá a rìn. Nítòsí Akraa, Akwapim lorúkọ rẹ̀. Nígbà tí yóò fi dé Natitingou, ó ti di Atakora. Odò Volta la àárín rẹ̀ kọjá ní Akosombo, níbi tí wọ́n ti sé odò náà fún iná mànàmáná, tí wọ́n sì parí iṣẹ́ ọ̀hún ní 1965. Ní Atakpamé, àwọn ọmọ Ifẹ̀ tí wọ́n ní Ilé-Ifẹ̀ làwọn ti ṣẹ̀ wá kọ́lé sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rẹ̀.

Òkè náà kò kúkú ga lọ títí. Agou, tó ga jù ní Tógò, 986 mítà péré ni. Ṣùgbọ́n kí àlejò má tí ì rẹ́rìn-ín, kùkùté ló ń wò.

Òkúta kan wà ní Tógò níbẹ̀ tó ní àwọ̀ ewé, tí àmì pupa kéékèèké kún ara rẹ̀. Eclogite ni wọ́n ń pè é. Inú ilẹ̀ lọ́hùn-ún, níbi tó jìn ju 40 kìlómítà lọ, ni ìwúwo ilẹ̀ ti tẹ̀ ẹ́ di bẹ́ẹ̀. Ní 2014, Carlos Ganade de Araujo, onímọ̀ ilẹ̀ láti Brazil, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde lórí irú rẹ̀ láti Mali, Tógò àti Brazil. Inú hóró zircon wíńníwínní ni wọ́n ti ka ọjọ́ orí rẹ̀, nítorí uranium inú rẹ̀ ń di òjé ní ìwọ̀n tí kì í yẹ̀. Irú iṣẹ́ yìí ló ń gba ọ̀pọ̀ ọdún lọ́wọ́ àwọn tó ń lépa oyè ọ̀mọ̀wé. Òkúta ni wọ́n ń fọ́ wò, kì í ṣe gíga òkè.

Nǹkan bí 610 mílíọ̀nù ọdún ni wọ́n bá níbẹ̀. Òkun Àtìláńtíìkì kò tí ì sí nígbà náà. Ilẹ̀ ńlá méjì kọlu ara wọn, etí ọ̀kan wọ abẹ́ èkejì, òkè tó gùn tó 2,500 kìlómítà, ó kéré tán, sì yọ, èyí tí wọ́n gbà pé ó jẹ́ ẹgbẹ́ Himalaya.

Yorùbá a máa súre pé gbọin-gbọin ni tòkè, ṣùgbọ́n òjò kò gbọ́ ìyẹn. Bí àgbàrá ṣe ń gbá orí òkè lọ, bẹ́ẹ̀ ni ìsàlẹ̀ ń gbéra sókè, bí ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ń já ẹrù rẹ̀. Àwọn olùwádìí náà tilẹ̀ rò pé eèpẹ̀ tó ti ibẹ̀ ṣàn wọ òkun wà lára ohun tó bọ́ àwọn ẹ̀dá abẹ̀mí ìgbà ìwáṣẹ̀. Ní àyíká Kpalimé, níbi tí wọ́n ń gbin kọfí àti kòkó sí lónìí, omi pupa ṣì ń ṣàn wálẹ̀ lára òkè nígbà òjò.