Afárá Tí Wọ́n Fi Apá Ẹ̀rọ Afẹ́fẹ́ Ṣe

Lọ́dún 2020, àwòrán kan tàn ká orí íntánẹ́ẹ̀tì láti ìlú Casper, ní ìpínlẹ̀ Wyoming lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ààtàn ni wọ́n ti yà á. Ohun funfun gbọọrọgbọọrọ tò sínú kòtò, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì, katakátà sì ń wọ́ yẹ̀pẹ̀ bò wọ́n. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i á rò pé egungun àbùùbùtán ni. Apá ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ni, ìyẹn àwọn ẹ̀rọ gíga tí atẹ́gùn máa ń yí kí iná mànàmáná lè jáde. Wọ́n ti gé wọn sí wẹ́wẹ́ kí ọkọ̀ tó lè rù wọ́n débẹ̀.

Àwọn tí kò fẹ́ràn iná afẹ́fẹ́ gbá àwòrán yẹn mú bí ẹni rí owó he. Ṣé iná tó mọ́ tónítóní tí ẹ ń pariwo rẹ̀ náà nìyí? Ọ̀rọ̀ yẹn kàn mí, torí pé mo wà lára àwọn tó ń pariwo, n ò sì tíì dákẹ́.

Mo fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Irin àlòkù ni wọ́n ń rà tí wọ́n ń tà. Wọn ò bi mí nípa Amẹ́ríkà rárá. Ohun tí wọ́n bi mí ni pé, "Ṣé ó ṣeé yọ́?" Mo ní kò ṣeé yọ́. Wọ́n ní, "Ta ló wá fẹ́ rà á? Kí wọ́n rì í mọ́lẹ̀ jàre."

Gbogbo ìṣòro náà wà nínú ìdáhùn yẹn. Òpó irin tí ẹ̀rọ náà dúró lé ní oníbàárà, bàbà inú rẹ̀ náà ní oníbàárà, torí pé iná á yọ́ wọn, wọ́n á sì di tuntun. Fáíbà ni apá yìí ní tiẹ̀: okùn gíláàsì tín-ín-rín tí wọ́n tò, tí wọ́n da rẹ́sìnì lé lórí, tí wọ́n sì fi igi balsa fífúyẹ́ sí àárín rẹ̀ láwọn ibì kan. Rẹ́sìnì yẹn kò dà bí òrí tó ń yọ́ tó tún ń dì. Àkàrà ló jọ. Ẹ̀wà tó ti di àkàrà kò tún ní padà di ẹ̀wà mọ́, bó ti wù kí iná pọ̀ tó. Lẹ́yìn nǹkan bí ogún ọdún sí ọdún márùn-ún-dín-lọ́gbọ̀n, wọ́n á sọ apá náà kalẹ̀, kò sì ní sẹ́ni tó máa dúnàá dúrà lórí rẹ̀.

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ìbéèrè mìíràn ni wọ́n bi í: kí ló ṣì lè ṣe? Àwọn olùwádìí láti Georgia Tech ní Atlanta, University College Cork àti Queen's University Belfast kóra jọ, wọ́n pe ẹgbẹ́ wọn ní Re-Wind. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2022, wọ́n gbé afárá kékeré kan kalẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Cork lórílẹ̀-èdè Ireland, lójú ọ̀nà rélùwéè àtijọ́ láàárín Midleton sí Youghal, tí wọ́n ti sọ di ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́. Apá méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá náà, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, àwọn ló sì gbé e ró. Ilé iṣẹ́ Anmet ti ṣe irú rẹ̀ sí ìlú Szprotawa ní Poland lọ́dún 2021.

Ẹ tiẹ̀ wo ohun tí apá yẹn ti fojú rí. Atẹ́gùn á tì í, á tẹ̀, á tún nà padà, lọ́sàn-án lóru, fún ogún ọdún, kò sì kán. Ihò ló wà nínú rẹ̀, ó sì fúyẹ́ ju bó ṣe rí lójú lọ, igi ẹ̀yìn kan sì gba inú rẹ̀ kọjá tó ń gba ẹrù dúró. Kì í dípẹtà. Irin tó wà lórí omi nílò ọ̀dà lóòrèkóòrè. Fáíbà ò béèrè ìyẹn.

Nígbà tí mo fi àwòrán afárá Cork han ẹ̀gbọ́n mi, ìbéèrè míì ni wọ́n tún gbé dìde: "Ta ló fọwọ́ sí i pé ó ṣì lágbára?" Èèyàn tó bá ti ra táyà tòkunbọ̀ rí mọ ìdí tí wọ́n fi béèrè. Ìta á máa dán, inú á ti rẹ̀. Irin tuntun máa ń bá ìwé rẹ̀ wá láti ilé iṣẹ́, ẹnjiníà á sì mọ iye ẹrù tó lè gbé. Apá àlòkù ò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀, àwọn tó ṣe é kì í sì í fẹ́ fi àwòrán ìdí iṣẹ́ wọn han ẹnikẹ́ni. Ńṣe ni àwọn ará Re-Wind ní láti fi ìtànṣán lésà wọn ìrísí rẹ̀, kí wọ́n gé díẹ̀ lára rẹ̀, kí wọ́n dán an wò ní lábù. Ó tún wá lọ́ gbùn-ún-gbùn-ún: ìdí rẹ̀ rí roboto, orí rẹ̀ rí pẹlẹbẹ. Níbo lèèyàn fẹ́ de bóòtù sí? Gbogbo ihò tí wọ́n bá lu sì ń gé lára okùn gíláàsì tó jẹ́ agbára rẹ̀.

Ní Rotterdam, wọ́n fi í ṣe ibi ìṣeré ọmọdé. Ní Aalborg, ó di ibòji kẹ̀kẹ́. Ó dùn ún wò, àmọ́ lójú tèmi, bí ẹni fi màlúù ìtúlẹ̀ ṣe ẹran ọ̀sìn lásán ni. Èyí tó wù mí jù ni ti òpó iná. Àwọn Re-Wind kan náà ń wò ó bóyá apá náà lè di òpó tí yóò gbé wáyà iná ńlá, torí pé iná kì í gba inú fáíbà gíláàsì kọjá. Òpó sì ni ohun tí à ń rì mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún, kì í ṣe ẹyọ kan ṣoṣo bí afárá.

Mi ò ní tan ara mi pé afárá ló máa gbà wọ́n tán. Apá tí wọ́n lò ní Cork gùn tó nǹkan bíi mítà mẹ́tàlá. Ti ẹ̀rọ Vestas V236 tó wà lóde báyìí jẹ́ mítà 115.5. Títì wo ló fẹ́ gba ìyẹn kọjá láìgé e? Ní Jámánì, ọ̀pọ̀ ló ń lọ sínú ìléru sìmẹ́ǹtì: rẹ́sìnì á jó bí igi ìdáná, gíláàsì á sì di ara sìmẹ́ǹtì. Ó sàn ju ààtàn lọ, ṣùgbọ́n agbára tó fi tẹ̀ tó fi nà ti jóná nìyẹn. Siemens Gamesa gbé apá kan jáde lọ́dún 2021 tí rẹ́sìnì rẹ̀ ṣeé tú kúrò lára okùn gíláàsì. Ìyẹn wà fún àwọn tó ń bọ̀. Àwọn tó ti ń yí lókè láti ọdún gbọọrọ kò sí lára wọn.

Afárá Cork náà á gbó lọ́jọ́ kan, fáíbà náà ni yóò sì ṣì jẹ́. Ẹnì kan á tún dúró tì í, á máa kan án gbì gbì, á máa wò ó bóyá ó ṣì kù nǹkan tó lè gbé.